"Nínú ibojì wo?": Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí òkú ṣe ń jẹrà nínú ilẹ̀

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo máa ń ka ìwádìí nípa òkú inú ilẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń bi mí: ọdún mélòó ni òkú fi ń jẹrà tán? Èmi náà a dá a padà fún un: nínú ibojì wo? Kì í ṣe àwàdà. Òkú méjì tí wọ́n sin lọ́jọ́ kan náà lè wà nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan ti di egungun, kí awọ àti irun èkejì ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí kò fi nǹkan bò. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn yín, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Kí ló lè mú ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ sin òkú kó lè máa ṣọ́ bó ṣe ń jẹrà?

Àṣìṣe ńlá kan wà nídìí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1977, wọ́n pe William Bass, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ egungun ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, pé kó wá wo òkú kan tí wọ́n bá nínú ibojì àtijọ́ tí àwọn kan ti hú. Ibojì náà ti wà láti ìgbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹran ara òkú yìí ṣì pọ́n, aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé apànìyàn kan ló wá ju òkú tuntun sínú ibojì olóbojì. Bass yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹni náà kò tíì kú ju bí ọdún kan lọ. Ìgbà tí wọ́n wo eyín àti aṣọ rẹ̀ dáadáa ni àṣírí tú: ẹni tó ni ibojì gan-an ni. William Shy ni, ọ̀gágun tó kú lójú ìjà ní Nashville ní oṣù Kejìlá ọdún 1864. Bass ti fi nǹkan bí ọdún 113 ṣì í.

Wọ́n ti fi oògùn tọ́jú òkú Shy kí wọ́n tó sin ín, irin ni wọ́n sì fi rọ pósí rẹ̀, wọ́n dí i pinpin. Afẹ́fẹ́ kò wọlé, omi kò wọlé, kòkòrò kò rí ọ̀nà gbà. Bass kò gbé àṣìṣe yìí pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún aráyé, èyí sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn nípa ọkùnrin náà. Ó rí i pé ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mọ̀ nípa òkú inú ilẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó fi máa di ọdún 1981, Yunifásítì Tennessee ní Knoxville ti ní ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣọgbà yí ká, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ òkú àwọn tó fi ara wọn tọrẹ sórí ilẹ̀, tí wọ́n sì ń sin àwọn mìíràn, kí wọ́n lè máa ṣọ́ wọn. Irú rẹ̀ ti wà ní Texas àti North Carolina báyìí. Ọsirélíà ṣí tirẹ̀ nítòsí Sydney ní ọdún 2016, Kánádà náà sì ṣí tirẹ̀ ní Quebec ní ọdún 2020.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lára òkú gan-an?

Bí ẹ̀mí bá ti bọ́, ọ́síjìn kì í dé inú sẹ́ẹ̀lì mọ́. Àwọn èròjà tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ nígbà tí ènìyàn wà láàyè á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú sẹ́ẹ̀lì náà ká. Àwọn bakitéríà inú ìfun, tí ara ti ń ká lọ́wọ́ kò látọjọ́ yìí, á tú jáde. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tú gáàsì sílẹ̀. Ikùn á wú, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé, ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Gáàsì á wá ọ̀nà jáde, omi á tẹ̀lé e, ara á wá rọ̀ wálẹ̀. Awọ, iṣan líle àti kèrékèré ló máa ń gbẹ̀yìn, lẹ́yìn wọn ló ku egungun.

Ọ̀nà tí gbogbo òkú ń gbà nìyí. Ohun tí ibojì ń pinnu ni bí ìrìn náà ṣe máa yá tó, àti bóyá òkú máa dúró sójú ọ̀nà láìdé ibi tó ń lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé òkú tí a sin ń pẹ́ jẹrà ju èyí tó wà níta lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pẹ́ jù ú lọ gan-an. Dókítà ará Jámánì kan, Johann Ludwig Casper, tó ṣiṣẹ́ ní Berlin ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, ló fi òfin kan sílẹ̀ tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ohun tí ọ̀sẹ̀ kan bá ṣe sí òkú nínú afẹ́fẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni omi fi ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ilẹ̀ fi ń ṣe é. Mo fẹ́ràn òfin yìí bí mo ṣe fẹ́ràn òwe. Ó ń júwe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í fi òwe wọn ilẹ̀.

Eṣinṣin ló ṣe kókó jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Jerry Payne, onímọ̀ nípa kòkòrò, fi òkú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ dán an wò ní South Carolina, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Ó jẹ́ kí kòkòrò dé ara àwọn kan, ó sì fi nẹ́ẹ̀tì dènà wọn lára àwọn mìíràn. Láàárín ọjọ́ 6, èyí tí ìdin rí jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti lọ. Èyí tí kòkòrò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbẹ, ó sì di ìrísí rẹ̀ mú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí erùpẹ̀ ń ṣe fún òkú ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ eṣinṣin.

Lẹ́yìn eṣinṣin ló kan ooru àti afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe jìn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tutù tó lásìkò ooru, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ṣe ń dín kù tó.

Báwo ni jíjìn ibojì ṣe ń yí i padà?

Rodriguez àti Bass ṣe iṣẹ́ yìí ní Knoxville, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1985. Wọ́n sin òkú ènìyàn mẹ́fà sí ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ẹsẹ̀ bàtà 4, wọ́n sì ń hú wọn ní ìgbà tó yàtọ̀ síra. Èyí tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kòkòrò ṣì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń jáde sókè. Èyí tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun mìíràn tí wọ́n rí, tí n kò retí rárá, ni pé erùpẹ̀ tó yí òkú ká ń gbóná ju erùpẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ lọ. Bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ lára òkú ń mú ooru jáde.

Kòkòrò kò wá lè wọ inú ilẹ̀ rárá?

Ó lè wọlé. Eṣinṣin kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Conicera tibialis*, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní eṣinṣin pósí. Ó ń gba inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú erùpẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ara òkú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè bí ara wọn láti ìran dé ìran níbẹ̀ láìjáde síta.

Irú ilẹ̀ wo ló ń tètè jẹ òkú?

Kò sí ilẹ̀ kan tó ń tètè jẹ gbogbo ẹ̀yà ara. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí mo ti kà ti ń ṣìnà nìyí: ilẹ̀ tó ń jẹ ẹran lè pa egungun mọ́, ilẹ̀ tó ń jẹ egungun sì lè pa awọ mọ́.

Ẹ wo ilẹ̀ oníyanrìn tó ní ásíìdì. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹran á jẹrà. Lẹ́yìn náà ni ásíìdì á dojú kọ egungun, torí kálísíọ̀mù kò lè bá ásíìdì gbé. Ní Sutton Hoo, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti sin àwọn ènìyàn ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn awalẹ̀pìtàn bá àwọn ibojì tí kò sí egungun nínú wọn mọ́. Iyanrìn dúdú tó le gbagidi ni wọ́n bá, ó sì gbé ìrísí ènìyàn: orí, apá, ẹsẹ̀ tó ká kò. Ẹni náà ti lọ pátápátá, erùpẹ̀ ló wá gba àyè rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ wà nínú àbàtà aláìsí ọ́síjìn tí mọ́sì kún inú rẹ̀ ní Dẹ́ńmáàkì. Ní ọdún 1950, àwọn arákùnrin méjì ń gé ilẹ̀ àbàtà fún ìdáná nítòsí Silkeborg, wọ́n sì bá ọkùnrin kan tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ pé, irùngbọ̀n tó ń hù bọ̀ ṣì wà lágbọ̀n rẹ̀. Ọlọ́pàá ni wọ́n sáré pè, torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìpànìyàn tuntun ni. Ọkùnrin tí wọ́n wá ń pè ní Tollund yìí ti kú láti nǹkan bí 2,400 ọdún. Èròjà tí mọ́sì ń tú sílẹ̀ ti pọn awọ rẹ̀ bí awọ bàtà. Nínú irú àbàtà bẹ́ẹ̀, wọ́n ti bá òkú tí egungun rẹ̀ ti yọ́ tán, tí awọ rẹ̀ sì ṣì wà pẹlẹbẹ.

Ilẹ̀ amọ̀ tún ní ìwà tirẹ̀. Ó ń di omi mú, ó ń lẹ̀ mọ́ òkú, afẹ́fẹ́ kì í ráàyè kọjá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sin ẹlẹ́dẹ̀ sínú ilẹ̀ amọ̀ líle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi ran ìwádìí ọ̀ràn kan lọ́wọ́, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni bí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà kò ṣe tíì bàjẹ́ tó. Àwọn ará Yunifásítì Bradford náà sin ẹlẹ́dẹ̀ sí ilẹ̀ mẹ́ta tó wà ní àgbègbè kan náà: pápá ìjẹko, ilẹ̀ òkè tó tutù rinrin, àti inú igbó. Ojú ọjọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, síbẹ̀ ipò tí wọ́n bá àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà nígbà tí wọ́n hú wọn kò dọ́gba.

Mo gbọ́ pé òkú lè di ọṣẹ. Ṣé irọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì sún mọ́ ọṣẹ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Níbi tí omi bá wà tí ọ́síjìn kò sí, bakitéríà á tú ọ̀rá ara sí ásíìdì ọlọ́ràá, ìyẹn á wá le, á funfun tàbí kó ní àwọ̀ eérú, á sì dà bí ìda. Orúkọ tí ará Faransé kan, Antoine Fourcroy, sọ ọ́ túmọ̀ sí ohun tó wà láàárín ọ̀rá àti ìda. Ó rí i nígbà tí wọ́n ń kó òkú kúrò ní ibi ìsìnkú Innocents ní Paris ní apá ìparí àwọn ọdún 1780. Kòtò ńlá ńlá tí wọ́n kó àwọn aláìní sí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí ìda yìí bá ti bo òkú, ìrìn náà ti dúró nìyẹn. Ó lè pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sanra ń tètè ní in ju ẹni tó gbẹ lọ, omi inú ara òkú nìkan sì lè tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tún dé bá a, ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní ibojì fún iye ọdún kan, tí wọ́n á sì lo ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún pé, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì bá òkú tó ti di ìda nínú ilẹ̀ amọ̀ olómi. Nọ́wè náà rí tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń fi náílọ́ọ̀nù wé òkú kí wọ́n tó sin ín, torí wọ́n gbà pé ìmọ́tótó ni. Náílọ́ọ̀nù náà ṣe ohun tí náílọ́ọ̀nù máa ń ṣe. Àwọn ibojì tó yẹ kí wọ́n lè tún lò lẹ́yìn ogún ọdún kò ṣe é lò.

Pósí ńkọ́? Aṣọ ńkọ́?

Pósí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ń fàyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí sì lè mú kí nǹkan yá ju bí erùpẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ara lọ. Pósí irin tí wọ́n dí pinpin, ẹ ti rí ohun tó ṣe fún Shy. Aṣọ òwú ń jẹrà lọ pẹ̀lú ẹni tó wọ̀ ọ́, pọlisítà kì í lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé abẹ́ aṣọ tó fún mọ́ ara ni ẹran ti ń pẹ́ jù.

Ibojì tí wọ́n kó òkú púpọ̀ sí ńkọ́?

Àwọn òkú àárín ń dáàbò bo ara wọn. Àwọn tó wà létí, tí erùpẹ̀ kàn, ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹrà. Àwọn tó wà láàárín, omi ara wọn àti ti àwọn ẹlòmíràn ló yí wọn ká, ọ́síjìn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Keith Mant, dókítà tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hú òkú ní Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, rí irú èyí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀ kò lè sọ bí kòtò náà ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ti Tennessee ní ọdún 2013. Amy Mundorff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sin òkú 10 tí wọ́n fi tọrẹ: mẹ́fà sí kòtò kan, mẹ́ta sí èkejì, ọ̀kan ṣoṣo sí ẹ̀kẹta. Wọ́n gbẹ́ ìkẹrin, wọ́n tún un dí láìfi ohunkóhun sí i. Kòtò òfìfo yẹn ni mo kà sí ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà. Bí koríko bá yàtọ̀ lórí ibojì, ṣé òkú ló fà á ni, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀? Láìsí kòtò òfìfo, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Wọ́n wá ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wo ojú ilẹ̀ bó ṣe ń rì, torí ohun tí wọ́n ń lé ni bí a ṣe lè rí ibojì tí àwọn apànìyàn fi pamọ́ láti òkè láìtíì fi ọkọ́ kàn án.

Ṣé láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n ti fi iná sun, máa ń jẹ òkú tán, bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ apànìyàn ti gba èyí gbọ́, ó sì ti ṣàkóbá fún wọn. Eline Schotsmans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sin ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà ní Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n da láìmù tí omi kò tíì kàn sórí àwọn kan, láìmù tí wọ́n ti fi omi pa sórí àwọn kan, wọn kò sì da nǹkan kan sórí àwọn tó kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èyí tí láìmù wà lára wọn ló ṣì dára jù. Láìmù ń pa bakitéríà, ó ń fa omi mu, ó sì ń le yí òkú ká bí símẹ́ǹtì. Òótọ́ ni pé ó ń dín òórùn kù, bóyá ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti rò pé òkú ti lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò ṣáá?

Torí pé ènìyàn ṣòro láti rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọgbà tí wọ́n ti ń fi òkú ènìyàn ṣe irú àdánwò yìí. Ẹlẹ́dẹ̀ kò nírun púpọ̀, ó ń jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ bíi tiwa, a sì lè rí mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn, ìwúwo wọn àti wákàtí ikú wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ènìyàn kì í bára wọn mu bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà tó rù, ọ̀kan ti lo oògùn tó ń pa bakitéríà fún oṣù mẹ́ta kó tó kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Tennessee fi ẹlẹ́dẹ̀, ehoro àti ènìyàn wéra lórí ilẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, wọ́n rí i pé ènìyàn kò tẹ̀lé ẹlẹ́dẹ̀ bí a ṣe rò. Lójú tèmi, ẹlẹ́dẹ̀ dára fún fífi ilẹ̀ wé ilẹ̀. Kò dára fún sísọ níwájú adájọ́ pé ọjọ́ báyìí ni lágbájá kú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn jíjẹrà?

Wọ́n ń ka ooru dípò ọjọ́. Wọ́n á mú ìwọ̀n ooru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa rò ó pọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ní 25°C jẹ́ 250. Arpad Vass, tó ṣiṣẹ́ ní Tennessee, gbé nọ́ńbà 1285 kalẹ̀ fún òkú orí ilẹ̀: ẹ fi ìwọ̀n ooru pín in, ẹ ó rí iye ọjọ́ tí òkú fi ń sún mọ́ egungun. Ní 25°C, ó jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 51. Ní 10°C, nǹkan bí 128. Ní ibòmíràn, nọ́ńbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ohun tí wọ́n rí mu. Fún òkú inú ilẹ̀, tẹmómítà gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí òkú wà, kì í ṣe orí ilẹ̀. Wọ́n tún ń ri páìpù mọ́ ibojì láti fa omi àti gáàsì inú rẹ̀ yẹ̀ wò, torí híhú òkú wò ti ba àdánwò náà jẹ́.

Ta ló ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún irú èyí?

Àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè, tàbí tí ẹbí wọn fọwọ́ sí i. Bí àdánwò bá parí, wọ́n á kó egungun, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan nínú ẹbí máa ń padà wá wo egungun èèyàn wọn.

Ṣé ìwádìí yìí ti yí ọ̀nà ìsìnkú kankan padà?

Ní ọdún 2018, Lynne Carpenter-Boggs ní Yunifásítì Washington State mú òkú mẹ́fà tí wọ́n fi tọrẹ, ó kó wọn sínú èérún igi, koríko àti pòròpórò, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 7, wọ́n ti di ilẹ̀dú. Ẹ wò ó dáadáa, gbogbo ohun tí ibojì ń fi dúró lójú ọ̀nà ló yí padà: afẹ́fẹ́ wà, omi mọ níwọ̀n, ooru ga tó láti pa kòkòrò àrùn. Ní ọdún 2019, ìpínlẹ̀ Washington di àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fi òfin gbà á láyè.

Àdánwò wo ló pẹ́ jù?

Èyí ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju ọdún kan sí mẹ́ta lọ, torí owó ìwádìí kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè gidi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún tàbí ọgọ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ rí àdánwò tó gùn, kó wo ti Overton Down ní Wiltshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkú ènìyàn kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1960, wọ́n mọ òkìtì ẹfun ńlá kan, wọ́n sì sin aṣọ, awọ, igi àti egungun sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fi ètò sílẹ̀ pé kí wọ́n máa là á wò lẹ́yìn ọdún 2, 4, 8, 16, 32, 64 àti 128. Ọdún 2088 ni ìkẹyìn bọ́ sí.